Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀: Ta Ni Ó Sọ Pé Ọba Kò So?

Bí a bá fi ìwé ìtàn díwọ̀n eré onítàn, ohun kan ṣoṣo tí a óò rí ni ibi tí eré náà ti dín tàbí tí ó ti lé. Irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni bébà yìí kọ̀ fún Ọba Kò So, eré olórin tí Dúró Ládiípọ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní Mbárí Mbáyọ̀, ní Òṣogbo, ní 1963, tí ó sì gbé lọ sí Berlin ní 1964. Èrò wa ni pé ibi tí eré náà ti yà kúrò nínú ìtàn àwọn ọba ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà, àti pé ibẹ̀ náà ni àbùkù rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Samuel Johnson, ẹni tí ó parí The History of the Yorubas ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, oògùn àrá ni Ṣàngó ń dán wò tí mànàmáná fi kọlu ààfin, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ sì kú. Ìbànújẹ́ yìí ni ó lé e kúrò lórí oyè títí ó fi pokùn so ní Kòso. Tìmì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Abẹ́ Aláàfin Kori ni Johnson fi ìtẹ̀dó Ẹdẹ sí, nígbà tí a rán Tìmì lọ síbẹ̀ kí ó lè dá àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń yọ èrò ọjà Àpòmù lẹ́nu lẹ́kun.

Nínú eré, ìjàǹbá kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ogun àjàìsinmi Tìmì àti Gbọ́nńkáà ti sú ará ìlú. Wọ́n ké gbàjarè lọ bá ọba. Ọba rán Tìmì sí Ẹdẹ. Nígbà tí ó yá, ó rán Gbọ́nńkáà lọ mú un, bí ẹni tí ó dẹ ajá kan sí èkejì, tí ó ń retí kí méjèèjì fa ara wọn ya. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tí ó fi Tìmì sábẹ́ Ṣàngó wà, òun ni Ládiípọ̀ sì mú lò. Nípa bẹ́ẹ̀, àgbákò di ètekéte. A lè káàánú ẹni tí oògùn rẹ̀ ṣì ṣe. Ẹni tí ó pète, a ní láti dá a lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka eré yìí nínú ìwé nìkan kò tíì mọ ohun tí ó ń ṣe. Ilé ajíhìnrere ni a ti tọ́ Ládiípọ̀. Ìlù tí ó mú wọ inú orin ìsìn Àjíǹde ní 1961 sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìjọ. Nínú Ọba Kò So, kò sí ẹni tí yóò bá a jà nítorí ìlù mọ́. Ọfọ̀ ni Gbọ́nńkáà fi borí Tìmì: ohùn ni ogun náà, ọfà kàn ń tẹ̀ lé e ni. Oríkì sì ń ṣe iṣẹ́ tí ó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ki ọba bí ẹni tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀, débi pé nígbà tí inú bí i tí ó sì yí ọwọ́ pa àwọn ènìyàn rẹ̀, etí wa ti mọ́ ọn lára. Ohun tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ti di àpọ́nlé. (Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ṣe Ṣàngó, ìyẹn kò sì dín agbára ìyìn náà kù.)

Johnson ròyìn bí àwọn ọ̀rẹ́ Ṣàngó ṣe lọ kọ́ oògùn àrá ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, títí ìlú fi gbà pé ọba kò so. Lórí ìtàgé, bàtá ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí oògùn Ìbàrìbá ṣe nínú ìwé. Àwa òǹwòran mọ bí Ṣàngó ṣe parí; síbẹ̀, nígbà tí ìlù bá dé góńgó, àwa náà a máa gbè é. Èyí kọjá ẹ̀ṣọ́ lásán. Eré náà ń fi wá ṣe ìdánwò bí irọ́ kan ṣe ń di ìgbàgbọ́ ìlú, a kò sì ní fojú kéré ẹni tí ó lè ṣe èyí láìsọ àsọyé kan.

Níbo, nígbà náà, ni àwọn tí ọba pa wà? Kò sí orin tiwọn. Tìmì ní oríkì, Gbọ́nńkáà ní ọfọ̀, Ọya ní ohùn tirẹ̀. Àwọn òkú Ọ̀yọ́ kò ní nǹkan kan. Ègbè ìkẹyìn, ẹnu ará ìlú ni a fi sí, àwọn kan náà tí wọ́n ké gbàjarè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà jìn láti igbe yẹn dé ìyìn yìí, Ládiípọ̀ kò sì mú wa rìn ín. Ìlù ni ó gbé wọn fò ó kọjá.