Ààlà Inú Àfòpiná Ẹ̀wà

Ní Odomèta, ní ilẹ̀ Kétu ní Benin, ẹni tó bá gbin ẹ̀wà máa ń rí iṣẹ́ kòkòrò yìí kó tó rí kòkòrò fúnra rẹ̀: òdòdó tó lẹ̀ mọ́ra, èèpo ẹ̀wà tó luhò, ìgbẹ́ lẹ́nu ihò. Ìdin ló ń ṣe é. Bó bá dàgbà tán, ó di àfòpiná kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Maruca vitrata.

Ní 2011, Venu Margam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú PLoS ONE lórí DNA inú mitokọ́ńdíríà rẹ̀. Mitokọ́ńdíríà ló ń sọ oúnjẹ di agbára nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń jogún DNA rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn tó ń wá ìbátan láàárín kòkòrò fi fẹ́ràn rẹ̀: ìyípadà tó bá wọ inú rẹ̀ á máa bá ìran ìyá lọ. Jíìnì 37 ló sábà máa ń wà nínú ti kòkòrò. Láti 1985 tí Clary àti Wolstenholme ti ka ti eṣinṣin Drosophila yakuba ni irú iṣẹ́ yìí ti ń gbilẹ̀. Kíka lẹ́tà DNA kò le mọ́. Mímọ ibi tí jíìnì kan parí sí ló le, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ọwọ́ àwọn èèyàn yìí.

Kọ̀ǹpútà lè wo DNA kó sì méfò. Èyí ò tó wọn. Wọ́n mú RNA láti inú ìfun ìdin àti ibi tí itọ́ rẹ̀ ti ń sun, ìyẹn àdàkọ tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ṣe, wọ́n fi wé DNA.

Ẹ wo jíìnì coxII. TAA ni àmì ìparí, àmọ́ T kan ṣoṣo ni DNA coxII fi parí. Ẹni tó ń kánjú á wá TAA mìíràn lọ níwájú, á sọ jíìnì di gígùn ju bó ti yẹ lọ. RNA ló tú àṣírí: bí sẹ́ẹ̀lì bá gé àdàkọ náà tán, ó máa ń to A mọ́ ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ni T ti ń rí A méjì tó kù gbà. Ní ti coxI, ó jọ pé CGA ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò bura lé e.

Èyí tó wù mí jù ni ti ìgé. Sẹ́ẹ̀lì máa ń da ọ̀pọ̀ jíìnì kọ pọ̀, kó tó wá gé wọn sọ́tọ̀. Àwọn jíìnì tRNA kéékèèké ló dúró láàárín wọn bíi pẹ̀rẹ̀gún lórí ààlà oko, ibẹ̀ nìkan ni àfòpiná yìí sì ń gé sí. Kò sí tRNA láàárín atp8, atp6 àti coxIII, nítorí náà orí àdàkọ kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Nínú Drosophila, coxIII dá dúró, bẹ́ẹ̀ kò sí pẹ̀rẹ̀gún níbẹ̀! Ẹni tó bá fi ààlà eṣinṣin wọn ti àfòpiná á ṣìnà.

Lẹ́tà 14,054 ni wọ́n rí kà, tRNA 19 nínú 22, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ó ku díẹ̀. A àti T nìkan kó 80.1 nínú 100. Ewu ń bẹ níbẹ̀, torí kòkòrò méjì tí kì í ṣe ẹbí lè jọra kìkì nítorí pé A àti T pọ̀ lára àwọn méjèèjì.

Lọ́dún kan náà, Margam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi apá kan coxI wo Maruca láti ilẹ̀ púpọ̀. Ti Puerto Rico dá wà ní ìran tirẹ̀. Ti Nàìjíríà, Niger àti Burkina Faso bá ti Taiwan àti Australia tan. Ó kan àgbẹ̀ Kétu, torí láti World Vegetable Center ní Taiwan ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti gba agbọ́n kékeré Therophilus javanus wá sí Benin. Inú ìdin Maruca ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ìdin náà láti inú jáde.