Àmì Lókè Orí Ẹ̀dá: Lámèyítọ́ lórí Digimon World Re:Digitize láti Ojú Ọjà Alaba Rago

Lára ẹrù tòkunbọ̀ tó ń wọ agbègbè Ọ̀jọ́, láti Alaba International dé Alaba Rago níbi tí àwọn alágbò àti àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ àlòkù ti jọ ń náwó, tí wọ́n jọ ń gbowó, PSP ti ilé-iṣẹ́ Sony kì í ṣe àlejò. Oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni ẹ̀rọ géèmù alágbèéká yìí jáde ní Jàpáànù, ohun kan sì wà lára rẹ̀ tó bá ọjà àlòkù mu gan-an: díìsì géèmù rẹ̀ kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Èyí tí wọ́n tẹ̀ fún ará Tokyo yóò ṣiṣẹ́ nínú PSP tí wọ́n kọ́kọ́ rà ní London tàbí Houston kó tó bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó. Bí géèmù tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nítorí tiwa ṣe lè dé ọwọ́ ọmọ Okokomaiko tàbí ọmọ Ìbà nìyẹn. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni Digimon World Re:Digitize, tí Namco Bandai gbé jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2012, ní Jàpáànù nìkan. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹni tí kò gbọ́ èdè Jàpáànù rárá lè ka iṣẹ́ yìí yé, kì í ṣe nípa ìméfò, bí kò ṣe nítorí pé inú ìtọ́jú ni ọnà rẹ̀ wà, kò sí nínú ọ̀rọ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Taiga bá ara rẹ̀ nínú ayé inú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fún un ní alábàárìn kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, títọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ ẹ̀dá náà bí ebi bá ń pa á, kó tètè mú un dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó jẹ́ kó sùn, kó mú un lọ síbi ìdárayá kí agbára, ààbò, ìyára àti ọgbọ́n rẹ̀ lè gòkè. Bí ó ti ń dàgbà ló ń paradà. Ohun tí yóò dà sì wà lọ́wọ́ bí a ṣe tọ́ ọ: ogun tó ti jà, bó ṣe wúwo tó, ibi tí a ti pa á tì. Láti ìgbà Digimon World àkọ́kọ́, tó jáde fún PlayStation ní ọdún 1999, ni ẹ̀dá tí a kò tọ́ dáadáa ti ń di Numemon, ìgbín aláwọ̀ ewé tí kò wu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọjọ́ ayé alábàárìn bá pé, ó ń kú, ó ń padà di ẹyin, èyí tó bá sì tinú ẹyin náà jáde ń jogún díẹ̀ nínú agbára ẹni ìṣáájú. Ẹ fi wé àwọn ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Ẹfọ̀ìyẹ́ ti jẹ́ tafàtafà kó tó dara pọ̀ mọ́ ìrìnàjò, Olóhùn-iyọ̀ ti ní ohùn rẹ̀, Ìmọ̀dòye ti gbọ́n. Ẹ̀bùn oníkálukú ti pé kí ìtàn tó gbà á, iṣẹ́ ìtàn sì ni láti wá ibi tí ẹ̀bùn náà yóò ti wúlò. Nínú Re:Digitize, alábàárìn kì í bá ẹ̀bùn pípé wá. Ohunkóhun tó bá dà, ọwọ́ olùtọ́jú ló ti wá, àléébù ara rẹ̀ pàápàá jẹ́ àkọsílẹ̀ bí a ṣe lo ọjọ́ wa.

Ìdí tí èyí fi lè yé ẹni tí kò gbọ́ èdè wà nínú ìtàn ìbí Digimon. Kí Digimon tó di eré orí tẹlifíṣọ̀n ló ti jẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé tí Bandai tà ní oṣù Kẹfà ọdún 1997, lẹ́yìn Tamagotchi tí ilé-iṣẹ́ kan náà mú jáde ní 1996. Ojú rẹ̀ kò tóbi ju kí ẹ̀dá kékeré kan rìn nínú rẹ̀ lọ, bọ́tìnì mẹ́ta ló ní, àwòrán ló sì fi ń sọ gbogbo ohun tó nílò. Ohun ìṣeré méjì lè fara kan ara wọn, kí ẹ̀dá inú wọn jà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di géèmù ńlá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kún un, ṣùgbọ́n wọn kò yọ àwòrán náà kúrò. Bí ebi bá ń pa alábàárìn, àmì ẹran yóò hàn lókè orí rẹ̀, àmì mìíràn sì wà fún ìgbọ̀nsẹ̀ àti oorun. Bí àmì bá hàn tí a kò dáhùn, àbájáde rẹ̀ yóò wá lára ẹ̀dá náà, ẹni tó ń gbá géèmù yóò sì rí i lójú ara rẹ̀. Ẹni tó wá ra àgbò ní Alaba Rago kò nílò èdè Haúsá kó tó mọ bí wọ́n ṣe sin ẹran náà: yóò wo ojú rẹ̀, yóò fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò wo bó ṣe dúró. Irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ ni Re:Digitize ń béèrè.

Ẹnìkan lè sọ pé àsọdùn nìyí, pé ẹni tí kò lè ka àtẹ àṣẹ kò tíì wọnú géèmù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìkọsẹ̀ àkọ́kọ́ tilẹ̀ wà nínú bọ́tìnì: nínú géèmù Jàpáànù, òdo ni wọ́n fi ń gbà, ẹ̀ẹ̀kísì ni wọ́n fi ń kọ̀, nígbà tí ẹni tó ti fi PSP láti Yúróòpù gbá bọ́ọ̀lù mọ ẹ̀ẹ̀kísì sí gbígbà. Yóò tẹ̀ ẹ́, ojú ewé tó fẹ́ ṣí yóò pa dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń kọ́ ọ: ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó ṣàlàyé. Àdánù gidi wà níbòmíràn, nínú ọ̀rọ̀ Taiga pẹ̀lú àwọn ọmọ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń wá dara pọ̀ mọ́ ìlú inú ayé kọ̀ǹpútà náà. Èyí kò ṣeé wò lójú. Ní 2013, àwọn olólùfẹ́ géèmù náà túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láìgba owó, mo sì ka iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́ ńlá. Síbẹ̀, ìtàn tí wọ́n fún wa padà yẹn, ìtàn àwọn ọmọ tó fẹ́ gba ayé là, kò jinlẹ̀ tó ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín olùtọ́jú àti ẹ̀dá rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Àtakò kejì wúwo jù. Wọ́n ní ẹ̀dá yìí kò lẹ́mìí, pé ìṣirò lásán ni, pé ìtọ́jú tí a fún nọ́ńbà kì í ṣe ìtọ́jú. Èmi kò jiyàn pé nọ́ńbà ni. Ìbéèrè lámèyítọ́ ni ohun tí a fi nọ́ńbà náà mọ. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù ogun, olùdarí ló ń yan gbogbo ìkọlù, alábàárìn kò sì ju ohun ìjà ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Níhìn-ín, alábàárìn ló ń ja ogun fúnra rẹ̀, olùtọ́jú ń pàṣẹ láti ẹ̀yìn. Nínú Digimon World ti 1999, bí ọgbọ́n ẹ̀dá náà bá kéré, àṣẹ tí a lè pa fún un kò pọ̀; bí ọgbọ́n bá ti ń ga ni àṣẹ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ṣètò irú òfin bẹ́ẹ̀ ń sọ nǹkan kan nípa àṣẹ àti ìgbọràn: a kì í ra ìgbọràn, ẹ̀kọ́ la fi ń bí i. Ó sọ ọ́ láìlo ọ̀rọ̀ kan, òfin inú eré ló fi sọ ọ́, bí ọ̀nà tí géèmù ń gbà ronú sì ṣe rí nìyẹn.

Lóde òní, PSP tòkunbọ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n. PPSSPP, ètò tí Henrik Rydgård kọ tó sì jáde ní 2012, ti sọ fóònù Android di PSP. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi gbá, àmọ́ Re:Digitize náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ní Jàpáànù tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Pé Namco Bandai kò tà á fún wa kò sọ ẹ̀dà àwòkọ di ohun tó bófin mu, n kò sì fẹ́ gbọ̀jẹ̀gẹ́ lórí ìyẹn. Àmọ́ ewu tó kan ọnà rẹ̀ gan-an ni mo rí nínú PPSSPP. Ó jẹ́ kí a lè fi eré pamọ́ nígbàkígbà, ká sì padà síbi tí a fi pamọ́ sí. Bí alábàárìn bá fẹ́ di Numemon, a lè dá ọjọ́ padà. Bó bá kú, a lè jí i. Wọ́n ní olúkálukú ló ni ọwọ́ rẹ̀, kó gbá a bó ṣe wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa gbogbo àṣìṣe rẹ̀ rẹ́ ti yọ àkọsílẹ̀ kúrò lára ẹ̀dá náà, ara tó yẹ kó kà ti di òfìfo. Ó lè mọ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀. Èmi gbà pé ọmọ tó ń fi díìsì Jàpáànù gbá a nínú PSP àlòkù, tí kò mọ lẹ́tà kan níbẹ̀, tó sì jẹ́ kí alábàárìn rẹ̀ dàgbà pẹ̀lú àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀, sún mọ́ iṣẹ́ náà jù ú lọ.