Àmù Wáìnì Ilẹ̀ Kakheti

Faransé àti Ítálì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ lọ tọ́ wáìnì wò máa ń forí lé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà iṣẹ́ wà ní Kakheti, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń pọn wáìnì láti nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn.

Inú qvevri ni wọ́n ń pọn ọ́n sí: àmù ràgàjì tí wọ́n fi ìda oyin ra inú rẹ̀, tí wọ́n sì rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn kó lè máa tutù. Bí wọ́n bá tẹ èso àjàrà Rkatsiteli tán, àtomi àtèèpo àti kóró ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Bó bá hó tó rọlẹ̀, wọ́n á dé e pa di ìgbà ìrúwé. Yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú, yóò sì kọ́kọ́ korò díẹ̀ lẹ́nu bí obì.

Ìmọ́tótó wọn ló wú mi lórí jù. Èèpo igi ṣẹ́rì tí wọ́n so mórí ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń fọ àmù náà, títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Àjọ UNESCO ka iṣẹ́ pípọn wáìnì nínú qvevri mọ́ ogún àṣà aráyé lọ́dún 2013. Ẹni tó bá máa lọ, kó lọ nígbà ìkórè, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá.