Ọ̀gá Níbi Ìlẹ̀kùn

Ọmọ kan lè jókòó nítòsí Gáréèjì Ìkòròdú, bí iná bá wà, kó máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ ní Cape Town, níbi tí Amazon ṣí ibùdó ẹ̀rọ sí ní 2020. Irinṣẹ́ Packer, tó jáde ní 2013, ló ń bá a tan ẹ̀rọ náà, tó ń to nǹkan sínú rẹ̀, tó sì ń ya ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọ ẹ̀rọ tó jìnnà, ló ń gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni mo ti ń mọ ọ̀jáfáfá. Ó mọ̀ pé “ubuntu” ni Ubuntu ń jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, pé “ec2-user” ni Amazon Linux. Ẹ̀rọ tó ń pẹ́ jí, á fún un ju ìṣẹ́jú 5 tí Packer ń dúró. Packer ń ju kọ́kọ́rọ́ onígbà díẹ̀ tó fi wọlé nù, àmọ́ ipasẹ̀ rẹ̀ lè kù nínú ẹ̀dà náà; ẹni tó bá rántí kọ ssh_clear_authorized_keys, tó ń pa ipasẹ̀ náà rẹ́, ni mo ń pè lọ́gàá.