Bí Gángan Bá Dákẹ́ Nínú Àwo Tí Wọ́n Tún Ṣe

Nígbà tí wọ́n bá tún àwo orin àtijọ́ ṣe, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ǹjẹ́ a ṣì ń gbọ́ ohun tí ìlù ń wí? Láti ìgbà tí sídíì ti dé ni àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì nílùú òyìnbó ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bóyá gìtá dún gaara sí i, bóyá báàsì rinlẹ̀ tó, ìyẹn ni òṣùwọ̀n tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlù a máa sọ̀rọ̀. Àwo jùjú tí a kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù nínú rẹ̀ mọ́ ti bàjẹ́, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Oníṣẹ́ ohùn á wá téèpù ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi gba orin ní sítúdíò, á gbé e sínú kọ̀ǹpútà, á dín híhó rẹ̀ kù, á tún ohùn tín-ín-rín àti ohùn ńlá wọ̀n, á wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Ibi ìgbésókè yìí gan-an ni ewu wà. Láti bí ọdún 1990 síwájú, àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ń fẹ́ kí àwo tiwọn ké ju ti ẹlòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀, ó níbi tí ohùn lè ga dé nínú sídíì, kò sì lè kọjá ibẹ̀. Kí orin tó lè máa ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi kí wọ́n tẹ ibi tó ga lórí ba, kí wọ́n gbé ibi tó rọlẹ̀ sókè, títí méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá jẹ́ rọ́ọ̀kì, etí olùgbọ́ á kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ti jùjú burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onígángan kì í lu gbogbo ọ̀rọ̀ bákan náà: á fún ọsán ìlù mọ́ra, á dẹ̀ ẹ́, á fi kọ̀ǹgọ́ kan èyí wúyẹ́wúyẹ́, á sì fi gbogbo agbára sọ èyí tó fẹ́ kó wọni lára. Tí wọ́n bá ti gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gìtá tó wà lẹ́yìn bọ́ sí iwájú, dídún gángan á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ á fọ́.

N kò ta ko títún àwo ṣe o. Lọ́dún 2003, ilé iṣẹ́ Shanachie kó orin tí King Sunny Adé ṣe láàárín 1967 sí 1974 jọ sínú The Best of the Classic Years, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ náà. Àwo tó wà nílé àwọn bàbá wa ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ní Èkìtì, abẹ́rẹ́ gírámófòònù ti họ ọ́ tán. Nínú sídíì yẹn, gìtá kò bo ìlù mọ́lẹ̀, ìlù kò sì bo gìtá. Wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, olùgbọ́ sì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Rọ́ọ̀kì náà ní ẹ̀kọ́ kan fún wa, láti Èkó níbí. Lọ́dún 1973, Paul McCartney àti Wings wá sí sítúdíò EMI ní Àpápá, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ orin inú Band on the Run níbẹ̀. Lọ́dún 2010, wọ́n tún àwo náà ṣe. Nígbà tó di 2024, wọ́n gbé ẹ̀dà mìíràn jáde, tí kò ní àwọn fáólìn àti fèrè tí wọ́n fi kún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo gba ti ẹ̀dà 2024 yẹn gidigidi, nítorí kò sọ pé òun wá gba ipò èyí tí ayé ti mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí, ó sì jẹ́ ká gbọ́ bí orin náà ṣe rí kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé téèpù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tiwa ńkọ́? Nígbà tí Sunny Adé àti African Songs, ilé iṣẹ́ Olóyè Bọ́lárìnwá Abíọ́rọ̀, pínyà ní 1974, ọ̀rọ̀ téèpù ìpìlẹ̀ di ohun tí wọ́n gbé dé ilé ẹjọ́. Níbi tí téèpù kò bá ti sí, ara àwo tó ti họ ni wọ́n ń dà á kọ. Kọ̀ǹpútà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ariwo abẹ́rẹ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ohùn tín-ín-rín tó ń ta pàrà ni ariwo yẹn, ohùn tín-ín-rín tó ń ta pàrà náà sì ni ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí ó bá di dandan ká yan ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí àwo máa họ díẹ̀, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀.

Àwo àwọn ará ilé wa ló ká mi lára jù. Èdè Èkìtì ni Elémùré Ògúnyẹmí fi kọrin. “Ulé” ni Èkìtì ń pe ilé, àárín ohùn sì ni irú fáwẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń gbé. Àárín yìí náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún orin ṣe fún sípíkà àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbẹ́ kúrò, kí báàsì lè máa mi ilẹ̀ tìtì. Orin á dùn ún jó sí, ẹ̀ka èdè wa á sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mọ́.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011. Kí wọ́n wá irú àwo bẹ́ẹ̀ rí káàkiri Ìdó, Ìkọ̀lé àti Ìlúpéjú, kí wọ́n gbà á sínú kọ̀ǹpútà láìyọ nǹkan kan kúrò, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà yẹn pa mọ́. Ẹ̀dà kejì ni kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe fọwọ́ kàn. Kí àgbà onílù kan jókòó tì í, kó máa sọ ohun tí ìlù ń wí ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àgbà náà kò bá ti gbọ́ ọ mọ́, kí oníṣẹ́ ohùn padà sẹ́yìn, kó tún un wọ̀n.