Sẹ̀gilọlá àti Àwọn Tó Ń Bá a Wíjọ́

Ipò kan ṣoṣo ni àwa tí à ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá fi ìwé Sẹ̀gilọlá sí: ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ lédè wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ yege ti há a sórí pé Isaac Babalọlá Thomas ló kọ ọ́, pé inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ló ti kọ́kọ́ jáde láàárín 1929 sí 1930, àti pé 1930 náà ni ó di ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Láìpẹ́ yìí, ẹlẹgbẹ́ wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ewì alohùn kọ ọ́ pé àìlajú ló mú kí àwọn òǹkàwé Èkó ìgbà náà gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè, tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, tí àwọn kan ń káàánú rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń bú u. Ó ní Thomas rẹ́ wọn jẹ ni.

Èmi kò gbà. Àwọn òǹkàwé yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Abala ìmọ̀ràn ni Thomas ń kọ fún wọn. Ìfẹ́ òun ìbínú tí wọ́n ní sí ẹni tó ń gbà wọ́n níyànjú sì wà lára iṣẹ́-ọnà náà bí ìlò èdè àti ọ̀nà ìsọ̀tàn ti wà lára rẹ̀. N kò ní pẹ́ lórí tíọ́rì. Ẹni tó bá mọ tíọ́rì ìfojú-òǹkàwé-wò yóò rí ibi tí mo dúró sí, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè máa bá mi bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ìlú tí Èkó jẹ́ nígbà náà. Ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ nílẹ̀ kí Akéde Èkó tó dé ní 1928. Adéoyè Dẹ̀níga ti dá Èkó Àkéte sílẹ̀ ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Elétí Ọfẹ jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, D. A. Ọbasá sì ń tẹ Yorùbá News n'Ìbàdàn láti 1924. Akọ̀wé, olùkọ́, oníṣòwò àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rà wọ́n. Àwọn tó ń kà á náà ló ń kọ ọ́, nítorí lẹ́tà òǹkàwé ló ń kún ojú ìwé, orúkọ ìnagijẹ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ẹni tó ti ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, tí òun náà ti fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ na ọmọnìkejì lẹ́gba ọ̀rọ̀ rí, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a óò sọ pé kò mọ̀ pé orúkọ orí ìwé lè jẹ́ ìbòjú? Ẹlẹgbẹ́ wa kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí.

Nínú ìwé ìròyìn, lẹ́tà sí olóòtú ni Sẹ̀gilọlá jẹ́. Obìnrin kan tó ti dàgbà, tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé, ni ó ń kọ̀wé. Kò sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin kọ́gbọ́n lára òun, kí wọ́n má tọ ọ̀nà tí òun tọ̀. Títí dé ibi yìí, ìwàásù ni. Àmọ́ bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìgbà èwe rẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà. Orin ìgboro tí wọ́n ń kọ l'Ékòó nígbà náà á dé, aṣọ àti fàájì á dé, àwọn ọkùnrin tó fi ojú rẹ̀ mú á máa tò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ti gbàgbé ẹkún ọ̀hún. Yóò tó dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà kó tó tún rántí pé aláìsàn ni òun, yóò sì tún fi ẹsẹ Bíbélì nu ojú. Karin Barber, tó tẹ ìwé náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ àti àlàyé tó jinlẹ̀, ti tọ́ka sí adùn tó wà nínú ìrántí yìí. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé adùn yẹn ló dá òǹkàwé sí méjì. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ kórìíra ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ báyìí? Òǹkàwé tó káàánú Sẹ̀gilọlá gbọ́ ẹkún rẹ̀. Èyí tó bú u gbọ́ bí ó ti ń gbádùn ìtàn ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín lẹ́tà kan àti òmíràn. Ẹni tó bá ka ìwé náà lónìí ní ìjókòó kan kò ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àmọ́ inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni iṣẹ́-ọnà Thomas ń gbé. Òǹkàwé ní àyè láti rò ó, láti bá ẹni tó jókòó tì í níbi iṣẹ́ jiyàn, láti kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú, kí ó sì tún ra ìwé ìròyìn tó ń bọ̀ láti wò ó bóyá ìyá arúgbó náà gbọ́. Èyí ni a sọnù nígbà tí a fi ojú ìtàn àròsọ nìkan wò ó. A yin Thomas gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ìtàn, a sì gbàgbé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Níbi èyí gan-an ni kò sì fi ní ẹgbẹ́ nígbà tirẹ̀.

Àwọn tó ń pe irú nǹkan báyìí ní ìrẹ́jẹ sábà máa ń mẹ́nu kan Dolly inú ìwé ìròyìn Drum, nítorí náà n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣókí. Ní 1951 ni Drum bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, kò sì pẹ́ tó fi ní ìtẹ̀jáde tirẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn ránṣẹ́ sí Dolly. Dolly Rathebe, olórin àti òṣèré, ni wọ́n fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó wà ní ọ́fíìsì ló ń kọ èsì. Òpìtàn Kenda Mutongi ti kọ nípa rẹ̀, ó sì ka àwọn lẹ́tà náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò fi àwọn ọ̀dọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ nínú ilé ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn ìbòjú kò jẹ wọ́n lógún tó bí ó ṣe jẹ àwa onílámèyítọ́ lógún. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún eégún láti gba àdúrà mọ̀ pé ènìyàn ló wà nínú ẹ̀kú, kò sì torí ìyẹn dìde.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbòjú nìkan kò tó. Bí ó bá jẹ́ ìbòjú ni gbogbo rẹ̀, òǹkàwé á kàn máa bọ̀wọ̀ ni, kò ní máa jà. Ìjà ló yẹ kí a wádìí: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni òǹkàwé máa ń dárí rẹ̀ ji olùdámọ̀ràn, èwo ni kì í dárí rẹ̀ jì í? Akéde Èkó nìkan kò lè dáhùn èyí, nítorí oṣù díẹ̀ péré ni Sẹ̀gilọlá fi kọ̀wé. A nílò ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń lọ sí Amẹ́ríkà, sọ́dọ̀ Ann Landers, olùdámọ̀ràn inú ìwé ìròyìn.

Orúkọ yìí náà, ìbòjú ni. Ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times ló kọ́kọ́ ni ín. Nọ́ọ̀sì kan, Ruth Crowley, ló kọ́kọ́ lò ó ní 1943. Nígbà tó kú ní 1955, wọ́n gbé e lé Esther Lederer lọ́wọ́, òun ló sì kọ ọ́ títí ó fi kú ní 2002. Ní ọdún kejì tí Lederer gbà á, ìbejì rẹ̀, Pauline Phillips, dá abala tirẹ̀ sílẹ̀ ní San Francisco pẹ̀lú orúkọ Abby, ìyẹn sì dá ìjà ọlọ́dún gbọọrọ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn òǹkàwé mọ ìtàn náà. Ẹni tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń bá ẹbí gbé kò bá ìbejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún ń kọ̀wé sí i.

Ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ Lederer tí mo fẹ́ràn jù. Bí òǹkàwé bá ká a mọ́ ibi tí ìmọ̀ràn rẹ̀ ti kùnà, yóò tẹ lẹ́tà ìbáwí náà jáde, yóò gbà pé òótọ́ ni, yóò sì dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ ẹgba 40, sùpàgẹ́tì tí omi ti rẹ̀ sì ni pàṣán. Ẹgba tí kò lè dunni ni, gbogbo ayé sì mọ̀. Síbẹ̀, òǹkàwé ti bá a wí, ohùn òǹkàwé ti wà lójú ìwé ìròyìn, olùdámọ̀ràn sì ti tẹrí ba. Mo ti gbọ́ tí olùkọ́ kan pe èyí ní ọgbọ́n ìtajà lásán. Ó tajà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lára abala náà gan-an ni ìbáwí yìí wà, bí ègbè ti wà lára orin, ẹni tó bá sì yọ ọ́ kúrò yóò rí i pé ìwàásù ló ṣẹ́kù.

Ní oṣù Keje 1975, Lederer ní ohun tó burú ju àṣìṣe lọ láti sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rọ tọkọtaya kí wọ́n má tètè tú ká. Ó wá kọ ọ́ pé òun àti Jules, ọkọ òun ọdún 36, ń kọ ara wọn sílẹ̀. Ó kọ ọ́ ní kúkúrú, kò ṣàlàyé púpọ̀, ó ní òun kò mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ àwọn olóòtú pé kí wọ́n fi ìyókù àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun, láti fi bu ọlá fún ìgbéyàwó rere tí kò dé òpin ìrìn àjò. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú irú iṣẹ́ yìí. Ìdáhùn ni iṣẹ́ olùdámọ̀ràn. Ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń ṣí ojú ìwé yẹn láti rí ìdáhùn. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n ṣí i, wọ́n bá ìwé tí a kò kọ nǹkan kan sí. Kò gba ara rẹ̀ nímọ̀ràn. Kò sì sọ fún wọn pé ìmọ̀ràn òun àtẹ̀yìnwá kò dára mọ́.

Lẹ́tà tó lé ní 30,000 ló wá, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì jẹ́ ti ìbánikẹ́dùn. Àwọn tó ti ń gba ìmọ̀ràn ni wọ́n wá ń tù ú nínú. Èmi ka àyè funfun yẹn sí ibi tó dára jù lọ nínú gbogbo ohun tí Lederer kọ, nítorí ó fún òǹkàwé ní ìjókòó olùdámọ̀ràn.

Wọ́n dárí ji ìgbésí ayé rẹ̀ tó tako ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ti 1982 yàtọ̀. Ọdún yẹn ni ó hàn pé ó ń gbé lẹ́tà àtijọ́ jáde bí ẹni pé tuntun ni, lẹ́yìn tó ti tún wọn ṣe díẹ̀. Ariwo ta nínú ìwé ìròyìn. Kò pa ẹnì kankan lára, ìmọ̀ràn náà kò sì burú, ṣùgbọ́n tòǹkàwé ló fọwọ́ kàn. Lẹ́tà ni ìpín òǹkàwé nínú iṣẹ́ yìí, ohun kan ṣoṣo tó ní. Mo gbà pé ààlà tó wà láàárín ìfẹ́ àti ìbínú òǹkàwé nìyí: olùdámọ̀ràn lè fi ìbòjú bo ara rẹ̀, ó lè ṣubú, ó lè tako ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà ẹlòmíràn ṣe ohun tó bá wù ú.

Lẹ́tà wọ̀nyí kan náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa mìíràn ń ṣì lò. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Lederer béèrè lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé pé bí wọ́n bá tún ayé wá, ṣé wọ́n yóò tún bímọ? Nǹkan bí 10,000 ènìyàn dáhùn, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní rárá. Mo ti gbọ́ èyí ní àpérò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àwọn òyìnbó ti kẹ̀yìn sí ọmọ bíbí. Kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Òbí tí inú rẹ̀ dùn kò ní wá sítáǹpù kiri. Àwọn tó ń jẹ̀rora ló jókòó kọ̀wé, nítorí wọ́n rí ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè sọ ohun tí ìyá kò gbọdọ̀ sọ níwájú ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka iye òbí tó kábàámọ̀ kó lọ ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí abala ìmọ̀ràn wà fún, ibí yìí ni kó wò.

Wọ́n tún ń sọ pé Facebook àti WhatsApp ni àrólé Sẹ̀gilọlá lónìí, níbi tí ènìyàn ti ń gbé ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi orúkọ òun pa mọ́. Lẹ́tà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìdáhùn sì pọ̀ jaburata. Àmọ́ kò sí ẹni tí yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti jíhìn ohun tó sọ. Ìbínú pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni kan tí yóò dúró gbà á. Thomas dúró. Orúkọ rẹ̀ ni olóòtú, àdírẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé sí, ẹni tó bá sì fẹ́ bú Sẹ̀gilọlá mọ ibi tí yóò gbé èébú rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tó kàn ni kí a to lẹ́tà Sẹ̀gilọlá àti lẹ́tà àwọn òǹkàwé Akéde Èkó tẹ̀ léra wọn, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ní ìwé kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi owó díẹ̀ rà. Barber ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì wa gba iṣẹ́ náà ṣe, kí a sì yọ ìbéèrè nípa ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ kúrò nínú ìdánwò, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú lẹ́tà òǹkàwé kan tó bú Sẹ̀gilọlá, kó sì ṣàlàyé ohun tí ẹni náà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó fi bínú.