Pearl Fryar, Oníṣọ̀nà Orí Igi Ààyè

Ní Bishopville, ìlú kékeré kan ní South Carolina, ọgbà kan wà tó fẹ̀ tó éékà mẹ́ta. Igi inú rẹ̀ lé ní 300. Òmíràn rí róbótó, òmíràn lọ́ pọ̀ láti ìdí dé orí, òmíràn sì dà bí eegun ẹja tó nàró. Pearl Fryar, ọmọ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ agolo nígbà kan, ló dá gbogbo àrà yìí.

Ọnà gígé igi ààyè sí oríṣiríṣi ìrísí ti pẹ́ láyé. Pliny Kékeré, ará Róòmù, ti kọ nípa igi tí wọ́n gé ní àwòrán ẹranko nínú ọgbà rẹ̀. Ní 1694, Guillaume Beaumont bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọgbà Levens Hall ní England, tó wà títí dòní. Ọgbà àwọn ọlọ́lá ni wọ́n. Igi gbọ́dọ̀ gba ìrísí tí olówó fẹ́. Abájọ tí akéwì Alexander Pope fi fi àṣà náà ṣẹlẹ́yà ní 1713, pé ó ń ba ẹwà àdámọ́ jẹ́.

Iṣẹ́ Fryar bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn yẹn. Kò kọ́ ọnà yìí nílé ìwé kankan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1981, ó máa ń ṣa igi tí àwọn tó ń tà á ti dà nù, á tún un gbìn. Ọ̀pọ̀ ère rẹ̀ kò sì fara wé ọba tàbí ẹyẹ: ìlà, ìtẹ̀kọrọ àti àlàfo ni wọ́n. Ojú ọ̀run tó ń yọ láàárín ẹ̀ka wà lára iṣẹ́ náà.

Irú iṣẹ́ yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ.

Igi tí agbẹ́gilére ń gbẹ́ ti kú. Èyí ṣì ń hù. Bí wọ́n bá rẹ́ ṣóńṣó ẹ̀ka, èéhù tuntun á yọ nísàlẹ̀, ewé á sì ki. Bí òkè bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, òjìji á pa ewé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá sì gé igi juniper wọnú ẹ̀ka ògbólógbòó tí kò léwé mọ́, ojú ibẹ̀ kì í sábà rúwé padà. Oníṣọ̀nà ní láti máa fojú inú rí ìrísí tí igi yóò ní lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Fíìmù *A Man Named Pearl*, tó jáde ní 2006, sọ bí àwọn kan ládùúgbò ṣe fura pé aláwọ̀ dúdú kò ní tọ́jú àgbàlá rẹ̀, àti bí Fryar ṣe gba àmì ẹ̀yẹ àgbàlá tó dára jù lóṣù. Ìtàn ìforítì náà dùn, ṣùgbọ́n kò yẹ kó bo ọnà mọ́lẹ̀. Ère onígi ààyè tí ẹnikẹ́ni kò bá rẹ́ fún ọdún mélòó kan á pàdánù ìrísí rẹ̀. Kí àwọn tó ń náwó sórí ère inú mùsíọ́ọ̀mù máa náwó sórí àwọn tí yóò kọ́ iṣẹ́ yìí, tí wọn yóò sì máa rẹ́ àwọn igi náà.